Ẹyin àti Ẹ̀yin

"Adìyẹ ń kọ! Ẹ wá wo àgbébọ̀ tó ń kọ bí àkùkọ o!"

Àkíbù ló fọhùn láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé kéwú sì bú sẹ́rìn-ín. Ìdíátù dúró níwájú wọn, kòbókò lọ́wọ́, etí rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá lábàrá. Àáfà Bàdírù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Òmìnira ilẹ̀ Gánà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní Àkrà sì ń ṣèpàdé ní Adabraka lọ́sọ̀ọ̀sán lórí bí wọn yóò ṣe bá onílé yọ ayọ̀ náà. Àáfà kò lè pa ìpàdé jẹ, kò sì lè fi àwọn ọmọ kéwú sílẹ̀ láìní olórí. Ó wo àgbàlá rẹ̀ ní Alajo yíká, ó rí i pé Ìdíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló mọ kéwú jù. Ó bá gbé kòbókò lé e lọ́wọ́.

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ariwo," ni Àáfà wí. "Bí mo bá dé, kí ibí yìí pa rọ́rọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà sọ! Kò ní kí wọ́n mọ̀wé. Ó ní kí wọ́n dákẹ́.

"Àkíbù, dìde, ka wàláà rẹ," ni Ìdíátù wí.

Àkíbù dìde, ó ń sín in jẹ. Ó fa ohùn gba imú, ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ẹ̀rín tún bú.

Ìdíátù kò mọ ìgbà tí apá rẹ̀ gòkè. Kòbókò ró pàì lẹ́yìn Àkíbù. Ó tún ró, ó sì tún ró. Ẹ̀wù ya, ẹ̀jẹ̀ yọ, ẹ̀rín sì já bí okùn. Pàṣán àkọ́kọ́ wúwo lọ́wọ́ Ìdíátù, òun gan-an fẹ́ sunkún. Èkejì fúyẹ́. Ẹ̀kẹta dùn.

Gbogbo ojú ń wò ó bí ẹran ti ń wo ọ̀bẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbá létí, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń lù ní ìkúùkù nílé, òun náà ni wọ́n wá ń bẹ̀rù yìí!

Àáfà dé, ó bá ibẹ̀ bí itẹ́ òkú. Ó rí ẹ̀yìn Àkíbù tó wú. Ó gbójú kúrò.

"O káre, ọmọ mi. Báyìí ni olórí ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni epo tó dà sínú iná.

Lọ́jọ́ kejì, Ìdíátù ṣòfin. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè mí ní 'ìwọ' mọ́. 'Ẹ̀yin' ni kí gbogbo yín máa pè mí. 'Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n Ìdíátù.' Ta ló ní ẹjọ́ í rò?"

"Àní èmi tí mo jù ọ́ lọ?" Àkíbù ń kùn. Ó rí i pé kòbókò ti ń gbéra. "Háà, ẹ má bínú o, Ìyá Àgbà. Ẹ káàsán. Ẹ kú ogbó."

Àwàdà yìí gbówó lórí. Ìdíátù ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí ó gbé òkúta sókè, títí ó fi bì.

Sàúdátù, ọ̀rẹ́ Ìdíátù láti kékeré, fà á sí kọ̀rọ̀. "Ìdíátù, o ti ń le jù. Wọ́n ti ń kórìíra rẹ."

"Kí wọ́n kórìíra mi. Ṣé wọ́n ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Ìwọ kọ́ nìyí o."

Ìdíátù gbọ́ "ìwọ" yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ. Ó nà án, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Sàúdátù nu ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Ìdíátù," ló wí, kò sì jókòó tì í mọ́ láti ọjọ́ náà. Báyìí ni kò ṣe sí ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún Ìdíátù mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí wọ́n fi mú Tàíbátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí ilé kéwú. Kùmásì ni Àrówólò bàbá rẹ̀ ti ń tajà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Abena ìyá rẹ̀, ọmọ onílẹ̀, ló ń tọ́ ọ, èdè Twi ni wọ́n sì ń sọ nílé. Yorùbá ọmọ náà kò tíì ju kí ó bèèrè oúnjẹ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú gidigidi. Tàíbátù rí òógùn lójú Ìdíátù. Àánú ṣe é. Ó bu omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìdíátù, gba omi. Ìwọ, mu."

Ìdíátù mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣẹ̀ òun. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un ketekete. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ń wò ó. Bí òun bá gbójú fo èyí, ṣé Àkíbù kò ní dán òun wò lọ́la?

"Ta lò ń pè ní ìwọ? Sọ pé 'ẹ̀yin'!"

"Ẹyin?" Tàíbátù wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹyin adìyẹ? Mi ò ní ẹyin."

Áà! Adìyẹ! Ẹ̀rín tí wọ́n ti há mọ́ ikùn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń yí nílẹ̀. Ìdíátù kò rí ọmọdé mọ́; ẹ̀rín nìkan ló ń gbọ́, ẹ̀rín náà ló sì ń nà. Ó nà án léjìká, ó nà án lẹ́sẹ̀. Ife fò, omi dànù. Ọmọ náà ṣubú, ó ń fi èdè ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, "Mepa wo kyɛw! Mepa wo kyɛw!" Kòbókò kò dúró. Ṣóńṣó rẹ̀ ká orí ọmọ náà, ó bà á lójú.

Igbe kan ni Tàíbátù ké. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Àkíbù fò dìde, ó lọ́ ọwọ́ Ìdíátù títí kòbókò fi bọ́. "O ti fọ́ ọ lójú!" ló pariwo mọ́ ọn. "Ìwọ! Ìwọ! Ìwọ!"

Ọsibítù kò rí ojú náà tún ṣe. Lọ́jọ́ tí Abena wá sí àgbàlá Àáfà, àwọn àgbà ti pé, Ìdíátù wà lórí ìkúnlẹ̀. Abena kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ Àáfà, ṣé ìwọ lo fún un ní kòbókò?"

Àgbà kan jágbe mọ́ ọn, "Obìnrin, Àáfà lò ń bá wí!"

"Mo mọ̀! Ní èdè tiwa, 'wo', tó jẹ́ 'ìwọ', là ń pe ọba, 'wo' là ń pe ọmọ ọwọ́. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un. Ọ̀wọ̀ wo lẹ tún ń wá?"

Àáfà tẹ orí ba. Bàbá Ìdíátù he kòbókò, ó nawọ́ rẹ̀ sí Abena. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà án títí inú yín yóò fi rọ̀."

Abena gbà á. Ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn Ìdíátù bó. Ó tún fà á yọ, Ìdíátù ké tòò, ó dojú bolẹ̀. Apá Abena gòkè lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì dúró lókè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ejò.

"Àáfà, gbà á! Gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi! Ó ti ń dùn mọ́ mi."

Ìdíátù mọ adùn náà. Ìgbà yẹn ló tó sunkún gidi, kì í ṣe nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó bó.

Ọjọ́ òmìnira dé, Àkrà mì tìtì, òyìnbó di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòbókò kì í bá òyìnbó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń rí ẹni gbé e nílé. Nígbà tí wọ́n ń jó ní títì, ẹnu ọ̀nà Abena ni Ìdíátù ti ń tọrọ àforíjì. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi tan ara yín pé ìkà nìkan ní í ṣe ìkà. Ọmọ rere tí ń bẹ̀rù ẹ̀sín ni Ìdíátù. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín nítorí pé ilé dákẹ́, òun náà sì fi ẹgba lé ọ̀rẹ́ tó lè kọ̀ fún un lọ. Bí wọ́n bá fi yín jẹ olórí lọ́la, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó lè wò yín lójú kó ní, "Ìwọ, ó tó," kúrò nítòsí yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fà á mọ́ra, kódà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ta yín bí ata.