Orúkọ Tí Mọ̀ríámọ̀ Kò Pè

Orí aṣọ tí Mọ̀ríámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán ni wọ́n gbé ọkùnrin náà lé. Ó ti sá aṣọ àwọn sójà sórí yanrìn létí Odò Ọya, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, kí ọkọ̀ àwọn Nupé tó gúnlẹ̀. Àwọn awakọ̀ kò tiẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tí wọ́n fi àkísà wé, ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ sì ba gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà jẹ́.

Ọkùnrin náà di fìlà pupa kan mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wo Mọ̀ríámọ̀, ó wo aṣọ tó jókòó lé, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ló bá tún jókòó. Ojú tì í débi pé ó gbé fìlà rẹ̀ bo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kan aṣọ, àfi bí ẹni pé ìyẹn lè tún nǹkan kan ṣe. Mọ̀ríámọ̀ ti la ẹnu láti bú u. Nígbà tó rí ohun tí fìlà ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀rín ló jáde.

Ọ̀gá sójà tó wà nínú ọkọ̀ nawọ́ sí ọkùnrin náà, ó ní, “Rùfáì Ọ̀yọ́, ogun tìrẹ parí síbí. Sọ fún wọn ní Lọ́kọ́jà kí wọ́n fún ọ nílẹ̀ rẹ. O ti ṣiṣẹ́ rẹ.” Ọkọ̀ bá ti ara rẹ̀ sínú omi, ó gba ìsàlẹ̀ odò lọ. Ibà ló pa ọ̀gá náà níbẹ̀, kò padà wá mọ́. Nínú gbogbo ará Lọ́kọ́jà, Mọ̀ríámọ̀ nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré o. Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó tó ń ṣòwò lórí odò ń gba àwọn ọmọ wa ṣe sójà. Wọ́n ti ṣèlérí pé ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Pàtí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi ipá mú un lọ ru ẹrù mọ́. Ṣùgbọ́n ìlérí dùn ún ṣe. Kí èèyàn tó gbà á, á rí i.

Àgbà sójà kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Jímọ́ọ̀, tí tirẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Dípò kó jókòó jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ diṣẹ́ láti máa kó àwọn tó kù lọ sílé òyìnbó, á kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á sọ, á bá wọn dúró nínú oòrùn títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n gbé Rùfáì lọ. Ìyàwó Jímọ́ọ̀ ń tọ́jú ẹsẹ̀ Rùfáì, Mọ̀ríámọ̀ sì ń wá kó aṣọ ilé náà fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, aṣọ tó wà nílé Jímọ́ọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ á fọ aṣọ kan lónìí, á dá a padà lọ́la, á tún ní kò mọ́ tó, á tún gbé e lọ. Rùfáì náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa na ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà odò. Wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan Rùfáì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Ó ní níbi iṣẹ́ ogun, orúkọ ìlú rẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń pe òun: Ọ̀yọ́, wá síbí, Ọ̀yọ́, gbé ìbọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ já òun sílẹ̀ nìkan ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ òun.

Mọ̀ríámọ̀ wò ó títí. “Rùfáì,” ó pè é.

“Tún un pè.”

“Rùfáì. Ṣé ó ti tó, àbí kí n kọ ọ́ lórin?”

“Kò tíì tó. Má jẹ́ kó tó láéláé.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, níta gbangba, tòun ti pé Rùfáì fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Àdìjátù, àbúrò bàbá Mọ̀ríámọ̀ lóbìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, bá a wí lórí ẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ ọ láti máa pe ọkùnrin lórúkọ gbàgà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò gbọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń gba Rùfáì dúró díẹ̀díẹ̀, ó bẹ Jímọ́ọ̀ pé kó bá òun ṣe alárenà. Ìdájí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ náà gan-an ni Jímọ́ọ̀ gbé obì lọ fún Àdìjátù. Àdìjátù fẹ̀sọ̀ gbọ́ ọ, ó ní òun gbà, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ń bọ̀. Ó ní òun kò ní fọmọ fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Ó wá pe Mọ̀ríámọ̀ sẹ́yìn ilé, ó ní wọ́n ti gba obì lórí rẹ̀, ìyàwó ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọkùnrin náà mọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Tayọ̀tayọ̀ ni Mọ̀ríámọ̀ fi sáré lọ mú ìborùn rẹ̀.

Jímọ́ọ̀ yẹ kó lọ jíṣẹ́ fún Rùfáì, àbí? Ojú ọ̀nà ló ti pàdé àwọn sójà àtijọ́ tó ń dúró dè é, ọ̀kan ní wọ́n ti jí fìlà òun, òmíràn ní òun kò lọ mọ́. Ó ń pàrọwà fún wọn títí wọ́n fi dé ilé òyìnbó, ọ̀rọ̀ obì sì fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá.

Àwọn jàǹdùkú kan ti ń ra fìlà pupa lọ́jà, wọ́n ń pe ara wọn ní sójà. Ìdí nìyí tí òyìnbó fi ní ẹnìkan tí kì í ṣe sójà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí, kó dúró níwájú òun, kó pe orúkọ ẹni náà, kó sì sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kan Rùfáì, Mọ̀ríámọ̀ bọ́ síwájú. Sámúẹ́lì ògbufọ̀, ọmọ Sàró kan tó máa ń wọ bàtà, tú ìbéèrè náà fún un: kí lorúkọ ọkùnrin yìí?

Mọ̀ríámọ̀ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo Rùfáì. Lẹ́yìn náà ó fa ìborùn rẹ̀ sórí, ó kọjú sí i, ó sì kúnlẹ̀. Sámúẹ́lì tún un bi, kò fọhùn. Ògbufọ̀ bá yíjú sí òyìnbó, ó ní obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n, ó ń tọrọ àforíjì ni. Òyìnbó kò gba ẹ̀rí náà, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn.

Kò sí ohun tí Rùfáì lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹnu tó ń pe òun láàárọ̀ lálẹ́, kí ló dí i? Ṣé wọ́n ti fi òun sùn ún ni? Ṣé ọkùnrin mìíràn ló fẹ́? Ó ń rò ó, ó ń tún un rò, kò yé e. Nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ gbé oúnjẹ wá fún un lọ́jọ́ kejì, tó sì tún kúnlẹ̀ láìpe orúkọ, ó yíjú sí ògiri. Mọ̀ríámọ̀ náà gbé oúnjẹ padà sílé pẹ̀lú omijé. Ó ní àṣé ọkùnrin náà ti kábàámọ̀, ọjọ́ kejì tí òun di ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn méjèèjì ń sunkún lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Àdìjátù gbọ́ pé ilẹ̀ ti bọ́, ó sì rán obì padà. Rùfáì ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Ọ̀yọ́ nígbà tí oníṣẹ́ gbé igbá náà wọlé.

“Obì wo lẹ̀ ń dá padà?” Rùfáì bi í.

Oníṣẹ́ ní obì tí Bàbá Jímọ́ọ̀ gbé wá ní ìdájí ọjọ́ ẹjọ́ ni, èyí tí wọ́n gbà lórí Mọ̀ríámọ̀. Jímọ́ọ̀, tó ń jẹun lọ́wọ́, fi ọwọ́ tòun ti òkèlè lérí. Ó ní, “Yéè, mo gbé. N ò sọ fún ọ.”

Rùfáì rọra jókòó sórí ẹrù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń padà bọ̀ sí i lọ́kàn, ìborùn tó fà sórí, ìkúnlẹ̀ tó kọjú sí òun, kì í ṣe sí òyìnbó. Ó ní, “Ìyàwó mi ló kúnlẹ̀ fún mi yẹn. Èmi sì yíjú sí ògiri.” Ó sunkún níwájú gbogbo wọn, kò sì nu ojú.

Kò dúró gba ọ̀pá. Ó gbé igbá obì náà, ó tiro lọ sílé Àdìjátù, ó bá Mọ̀ríámọ̀ nídìí àmù, ó sọ bó ṣe jẹ́. Mọ̀ríámọ̀ kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé ó rò pé òun lè sẹ́ ẹ ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rín gbé e, ẹkún náà sì gbé e, kò mọ èyí tí yóò mú.

Àmọ́ ilẹ̀ ńkọ́? Odò ti ń fà, ọkọ̀ òyìnbó kò sì ní lè dúró mọ́. Ọ̀la ni òyìnbó náà yóò jókòó gbẹ́jọ́ kẹ́yìn, ẹni tí kò bá gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́la ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

“Má pe orúkọ mi,” Rùfáì sọ. “O ti fún mi ní ohun tó ju ilẹ̀ lọ. N óò máa bá ẹlòmíràn ro oko títí n óò fi rí tèmi.”

“Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?” Mọ̀ríámọ̀ yíjú sí Àdìjátù tó ń gbọ́ wọn látinú yàrá. “Ìyá, ìgbà wo lẹ̀yin gan-an ò pe orúkọ ọkọ yín mọ́?”

Àdìjátù yọ síta. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun pè é o, ó ní òun fi orúkọ náà bú u lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an nítorí pé ó pẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n da omi sí òun lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni òun dákẹ́. Ojú ń tì í díẹ̀ pé òun ti ti ọmọ náà wọ inú àṣà kí àsìkò tó tó. Ó na ọwọ́, ó gba igbá obì náà padà.

Lọ́jọ́ kejì, kí Sámúẹ́lì tó tú ìbéèrè tán ni Mọ̀ríámọ̀ ti dáhùn. “Rùfáì ni. Rùfáì ọmọ Sànúsí, ará Ọ̀yọ́. Létí odò ni wọ́n gbé e lé aṣọ mi, ọ̀gá rẹ̀ sì ní ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un nílẹ̀.” Òyìnbó ní kó tún orúkọ náà pè. Ó pè é. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un pè mọ́, ó ṣì ń pè é, ó ń pè é jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè é gba inú ọjà kọjá bí ẹni tó ń jẹ sààrì de ààwẹ̀. Rùfáì ń tiro tẹ̀ lé e, ó ń dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ilé kò tíì sí lórí ilẹ̀ náà, èèkàn nìkan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Àfáà so yìgì wọn níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Jímọ́ọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí, kó má baà tún gbàgbé nǹkan. Mọ̀ríámọ̀ dúró síbi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà lọ́jọ́ kan. Ìyàwó Jímọ́ọ̀ fi igbá ìfọṣọ bu omi Odò Ọya, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ tútù náà wọlé.

Rùfáì ń wò ó, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ó dára. Kí lorúkọ mi?”

Mọ̀ríámọ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ wọn, ó fa ìborùn rẹ̀ sórí.

“Ẹ lọ bi Sámúẹ́lì ògbufọ̀,” ó ní. “Mo ti sọ fún un.”