Ìjánu Eyín Tí Kò Gan

"Ya ẹnu sí i."

"Ó ń dùn mí, Bàbá."

"Mo mọ̀. Yà á."

Àjàmú ti ẹ̀mú bọ ẹnu ọmọ ọmọ rẹ̀, ó di wáyà náà mú, ó fà. Kaothar fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ńṣì, ó gbá ife, ó gbá ológbò tí kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí bàbá fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ohun náà yọ. Ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Ìjánu eyín ni: wáyà tín-ín-rín níwájú, ike pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wọ́n ti bá Kaothar to eyín rẹ̀ nígbà tó wà ní Ìbàdàn. Ìjánu ni kì í jẹ́ kí eyín padà síbi tó ti wọ́ tẹ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ sọnù. Èyí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu rẹ̀, àjà ẹnu ọmọbìnrin náà sì ti bó. Ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ó ti lọ bi ááfà bóyá itọ́ kíkorò ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ááfà ní kó máa tu ú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń tu itọ́ kiri Olódì-Àpápá bí aboyún tuntun, àwọn aládùúgbò sì ti ń bi Sàfíátù ìyá rẹ̀ pé ta ni ọkọ.

Àjàmú gbé ìjánu náà sí imú. Ó jókòó.

Ó ti tó ogójì ọdún tí òórùn yẹn ti ń wọ̀ ọ́ nímú. Oníṣẹ́ fáíbà ni, ní Liverpool Road. Bí bọ́ńpà tírélà bá fọ́, òun ni yóò po résìn, oje líle tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, tí bọ́ńpà á sì tún di odidi. Résìn náà nìyí lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ńpà ni wọ́n fi sí ọmọ lẹ́nu.

Ó yí i padà. Wọ́n ti fi ìdí ṣíbí tẹ etí rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni Àjàmú mọ̀ tó ń tẹ etí iṣẹ́ báyẹn.

"Ta ló ṣe é?"

"Dókítà Raphael ni, ní Amùkòkò. Òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló wà."

"Raphael."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Bàbá?"

"Ọmọṣẹ́ mi ni nígbà kan."

Ọdún kejì ni Raphael sá. Nínú ṣọ́ọ̀bù Àjàmú, bí i ti ọ̀gá tó kọ́ òun náà, ọmọṣẹ́ kì í rí ìwọ̀n kátálíìsì títí di ọdún ìkẹyìn. Kátálíìsì ni omi tí ń mú résìn gan. Ẹni tó bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò nílò ọ̀gá mọ́. Nítorí náà ọ̀gá á kẹ́yìn sí ọmọṣẹ́, á wọ̀n ọ́n, á dà á, á sì yíjú padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Raphael mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Kò mọ iye tí wọ́n ń dà. Ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ á dán, inú rẹ̀ á wà ní tútù.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"A pọ̀, Bàbá. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀."

Sàfíátù gbé Kaothar lọ sí ọsibítù. Kò pé wákàtí méjì tó fi pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Dókítà ní egbò náà á san, Bàbá. Wọ́n ní a tètè yọ ọ́ ni. Wọ́n ní èyí tí kò gan nínú rẹ̀ ló ń jò sínú itọ́ díẹ̀díẹ̀, téèyàn ń gbé e mì tọ̀sán tòru. Gbogbo ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lẹ́nu, kí wọ́n yọ ọ́ lónìí."

"Àwọn wo ni?"

"Ta ló mọ̀ wọ́n?"

Ẹnì kan ló mọ̀ wọ́n. Àjàmú wé ìjánu náà sínú bébà, ó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìnísípẹ́kítọ̀ Obiageli ló bá níbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí obìnrin náà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì yá ju ti Àjàmú lọ.

"Bàbá, ẹ̀rí dà?"

Àjàmú tú bébà lórí tábìlì. Obiageli fi imú kàn án, ó fà sẹ́yìn.

"Jésù! Ṣé mọ́tò tuntun lẹ gbé wá ni?"

"Ẹnu ọmọ mi ló ti jáde."

Obiageli mú fìlà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, Raphael wọ kóòtù funfun, ó ń ti ṣíbí bọ ẹnu ìyá kan. Ó gbójú sókè, ó rí Àjàmú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá!" ló ní, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ara rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ìgbà tí àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì ló rántí pé sísá ló yẹ kó sá. Ó fi ìdọ̀bálẹ̀ náà rá pálá kọjá lábẹ́ tábìlì, ó gbé àpò ìrẹsì kan há abíyá, ó bọ́ sójú fèrèsé, ó fò sórí páánù aránṣọ. Páánù gbà á. Aránṣọ bú u. Ìyá tó wà lórí àga kò lè bú u, ṣíbí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Dúró!" Obiageli kígbe.

"Mò ń bọ̀, mà!" Raphael dáhùn, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá lé e. Ní ọjà Olódì wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Àjàmú na ọwọ́, ìka rẹ̀ kan etí kóòtù funfun náà. Ni Raphael bá yíjú sí àwọn èrò, ó nàka sí bàbá.

"Ẹ gbà mí! Wèrè ti já! Ẹ bá mi dì í mú!"

Kóòtù funfun ni wọ́n gbà gbọ́. Ọkùnrin mẹ́rin dì mọ́ Àjàmú, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fọkàn balẹ̀, ilé ló ń lọ. Kí Obiageli tó là wọ́n, ọ̀kadà ti yà sí ọ̀nà Àpápá.

"Bàbá, ṣé wèrè yín ti rọlẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mádáàmù."

Wọ́n bá ọ̀kadà náà ní Liverpool Road, olówó rẹ̀ ń ṣépè. Raphael ti wọ àárín àwọn tírélà tó tò gbọọrọ títí dé ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi. Igba tírélà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì jọra. Obiageli wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀. Àjàmú ń ka àwọn ẹnu tí kò mọ orúkọ wọn lọ́kàn.

Ìgbà náà ni igbe ta lẹ́yìn tírélà kan.

"Dókítà! God don hear my prayer!"

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Monday ló ké. Ó ti lo ọjọ́ márùn-ún lórí ìlà, eyín sì ti ń jẹ ẹ́ fún mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì àgégé. Nígbà tí kóòtù funfun yọ láàárín táyà, ó ki í mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, fi mí sílẹ̀. Mò ń kánjú."

"Kánjú go where? See my teeth. Yọ ọ́!"

"Kò sí irinṣẹ́."

"Pliers dey!" Monday na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó mú ẹ̀mú bàǹtàbanta jáde, ó ki í sí i lọ́wọ́. Ó ya ẹnu. "Òní ni, dókítà. Bí o ò bá yọ ọ́, èmi ni màá yọ tìẹ."

Raphael wo ẹ̀mú. Ó wo ihò ẹnu náà. Ó wo apá Monday, tó tóbi tó itan rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára ké:

"Mi ò kì í ṣe dókítà! Ọlọ́run ló mọ̀! Mi ò ṣe dókítà rí láyé mi!"

"Tún un sọ," Obiageli wí lẹ́yìn rẹ̀. "Kọ́lọ́pàá náà gbọ́."

Wọ́n mú Raphael jókòó sórí àtẹ̀gùn tírélà. Àjàmú gbé ìjánu Kaothar síwájú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi ṣe èyí?"

"Ojúlówó ni, Ọ̀gá. Láti Jámánì ni."

"Fi sẹ́nu."

"Hẹ̀n?"

"Ojúlówó ni. Fi sẹ́nu."

Raphael ti ìjánu náà sẹ́yìn. "Mo ń gbààwẹ̀, Ọ̀gá. Lẹ́ńtì la wà."

Lóòótọ́, Lẹ́ńtì àti Ràmàdáànì bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún náà. Àjàmú ń gbààwẹ̀. Obiageli náà ń gbààwẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ètè Raphael dáadáa.

"Èérún mítípáì wo ló wà ní irùngbọ̀n rẹ?"

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Monday náà rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Tú àpò yẹn," Obiageli pàṣẹ.

Àwòkọ eyín ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun ṣe, mẹ́tàdínlógún. Raphael ti fi bírò kọ orúkọ sára wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Lára wọn ni Onyinyechi, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àjàmú mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ ara wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní orúkọ.

"Ta ló ni èyí?"

Raphael na ọwọ́ láti gbà á.

"Mo ní ta ló ni ín? Àbí ó ti kú?"

"Kò kú, Ọ̀gá." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Tèmi ni. Ara mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹnu mi bó."

 Obiageli yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Kí n tó ṣe ti ẹnikẹ́ni."

"O mọ̀, o sì ṣe fún mẹ́rìndínlógún."

"Mo rò pé tí mo bá fi kátálíìsì kún un, á dáa. Mi ò mọ ìwọ̀n ẹ̀. Ọ̀gá ò fi hàn mí."

Gbogbo ojú yí sí Àjàmú. Bàbá náà gbé àwòkọ eyín náà kalẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Mi ò fi hàn ọ́. Bọ́ńpà ni mo sì kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní ẹnu èèyàn." Ó yíjú sí Obiageli. "Ẹ mú un lọ, mádáàmù. Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù pe àwọn èèyàn wọ̀nyí."

Etí kòtò ló jókòó sí, ó ń pè, Monday ń bá a ka nọ́ńbà. Àwọn kan bú u, wọ́n ní oníjìbìtì ni. Bàbá Onyinyechi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó yọ ìjánu lẹ́nu ọmọ, ó padà wá gbé fóònù, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Monday fún bàbá ní dàbínù mẹ́ta, ó fi ṣínu. Lọ́jọ́ kejì, dókítà gidi yọ eyín Monday. Lọ́sẹ̀ kejì, Kaothar jẹ ata.

Raphael wà lẹ́wọ̀n. Ìjánu mẹ́rìndínlógún wà nínú ìgò kan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kì í ṣí i nínú ilé nítorí òórùn.