Ilé Tí Ìyá Níyì Rà ní Jàpáànì

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó wá béèrè. Ìyá Níyì wà láàyè, kì í sì í ṣe ẹni tí í purọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Olúwaníyì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì. Òun ló rí fúláàtì àtijọ́ kan lẹ́yìn odi Tokyo, nínú ilé alájà mẹ́rin, ní owó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá rà á, tí ayálégbé wọ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ní tọrọ jẹ lọ́jọ́ ogbó. Inú Ìyá dùn. Ó ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Kò ní nǹkan mìíràn.

Ọ̀sán gangan ni Níyì pè é lórí fídíò láti fi ilé náà hàn án. Oòrùn ń ta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú, kò sì síná nínú ilé, tọ́ọ̀ṣì ni Níyì gbé dání. Ẹ̀bà wà níwájú Ìyá. Ó rí ògiri, ó rí ẹní koríko tó ti gbó. Ó rí ìyá arúgbó kan tó kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ọmọlúàbí kì í jẹun lójú àgbà kó má pè é.

"Ẹ kú ilé o, Mama. Ẹ wá ká jẹun."

"Mummy, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mama tó wà lẹ́yìn ẹ."

Níyì yí tọ́ọ̀ṣì padà. "Kò séèyàn níbí o. Mama tó nilé ti kú, ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń tà á."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òun ló ń tan òun. Ojú àgbà kì í ṣe tọmọdé. Wọ́n ra ilé náà, tọkọtaya kan kó wọ ibẹ̀, ara sì tù wọ́n.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ara kò ti rọ ẹnìkan.

Bí Ìyá bá ti gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kadà kan kò ní kọjá. Á gbọ́ tí ẹnìkan ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹní koríko á dún, bí ẹni pé ẹnìkan kúnlẹ̀ lé e. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Ìyá, ó gbàdúrà títí, ẹni náà kò lọ. Bó bá wá fi òkèlè kan ẹnu, oúnjẹ ti tutù, kò ládùn kankan. Ó ń rù. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Kíkẹ́lọmọ, àbúrò rẹ̀, wá wò ó láti Ọ̀yọ́. Wọ́n jọ jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán. Òun náà gbọ́ ọ. Ó di ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò mi ni."

"Ẹ ò ṣe lé e?"

"Ẹnu mi ni mo fi pè é. Ẹyin lohùn."

"Ẹ ta ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Kí ni n ó wá máa jẹ?"

Kíkẹ́lọmọ wo oúnjẹ tó tutù, ó bú sẹ́kún. "Ẹ ṣáà sọ fún un kó máa lọ sílé ẹ̀."

Ìyá Níyì mi orí.

"Ilé wo, Kíkẹ́? Èmi ni mo rà á."

Ẹní dún, ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì sún mọ́ wọn díẹ̀ sí i.