Orúkọ Èké Méje

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì sọ ọ́ nù. Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, ẹni tí kì í dárí ji kẹ́tùlù, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ ènìyàn.

Adájọ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó rà tí kì í kọ èrò rẹ̀ nípa rẹ̀ sórí ayélujára: áyọ́ọ̀nù, rédíò, dátà tí kì í pẹ́ tán. Bí nǹkan bá dùn mọ́ ọn, á fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bí ó bá bí i nínú, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń ta bí ata. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ra nǹkan láìkọ́kọ́ wo ohun tí Adájọ́ wí. Ìgbà kan wà tí ó fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ rẹ̀ ní ìràwọ̀ méjì. Ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà ló ṣe ń lọ.

Ìyá rẹ̀ kú. Màmá náà kò mọ̀wé kọ, nítorí náà ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ohùn tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì: ó ń kí i, ó ń bá a wí, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn ìsìnkú, Adájọ́ kò lè lọ síbi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀ kò dà wọ́n kọ síbòmíràn. Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń lo ẹ̀rọ kò ṣe ohun kékeré yìí fún ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, fóònù náà já bọ́ sínú garawa omi ìfọṣọ. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó sì fi sí ṣájà kíákíá. Fóònù náà gbóná, ó rùn, ó sì kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ni atúnfóònùṣe tó wà ní òpin àdúgbò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í bóyá ó fi sí ṣájà lẹ́yìn tó bọ́ sómi. Adájọ́ ní rárá. Ojú ló tì í. Atúnfóònùṣe tú fóònù náà, ó rí ibi tí bọ́ọ̀dù ti jó dúdú, ó mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rẹ́ òun pa, kò sì bá a wí. Ó kàn sọ fún un jẹ́jẹ́ pé àwọn ohùn náà ti lọ.

Adájọ́ já fóònù náà gbà ní títú tó wà, ó sì jáde. Kí ó tó délé, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣájà. Bí ọkàn ọmọ ènìyàn ti burú tó nìyẹn: ẹ̀bi tó bá wúwo jù fún wa, orí ẹlòmíràn la máa ń gbé e lé. Ó ní atúnfóònùṣe ló pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì, ó sì búra pé yóò fojú winá.

Èmi tí mò ń kọ èyí mọ adùn ẹ̀san. Ó dùn ju oyin lọ nígbà tó bá wà lẹ́nu. Adájọ́ dá orúkọ èké méje sílẹ̀ lórí ayélujára. Ó di obìnrin, ó di arúgbó, ó di ọmọ yunifásítì. Orúkọ kìíní kọ ọ́ pé atúnfóònùṣe náà ń jí àwòrán àṣírí kó nínú fóònù àwọn obìnrin. Èkejì ní òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Ẹ̀kẹta sunkún. Nígbà tí àwọn kan ń ṣiyèméjì, ó ya àwòrán fóònù tirẹ̀ ní títú tó wà, ó gbé e síbẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀rí bí ọkùnrin náà ṣe ń tú fóònù wọn. Lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń yọjú wò ó, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tí Adájọ́ kò mọ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un, tí irọ́ méje di àádọ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò ya bo ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ kan ló ṣáájú wọn, obìnrin tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti gbọ́, nítorí àwọn àwòrán tó wà nínú fóònù tirẹ̀ tí ó ti gbé wá túnṣe níbẹ̀ rí. Wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú. Adájọ́ gbọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré wá. Ó fẹ́ jẹ ẹ̀san rẹ̀ ní gbígbóná.

Aránṣọ na àwòrán fóònù títú yẹn sí atúnfóònùṣe lójú, ó bi í bóyá òun ló tú u.

Àwọn atúnfóònùṣe ní àṣà kan. Bí wọ́n bá tú fóònù, wọ́n á fi bírò pupa kọ déètì àti àmì tiwọn sábẹ́ bátìrì, kí oníbàárà má baà lọ bà á jẹ́ níbòmíràn kó sì padà wá sọ pé àwọn ló bà á jẹ́. Adájọ́ kò mọ̀. Àmì náà hàn gbangba nínú àwòrán, pẹ̀lú déètì Sátidé náà, fóònù kan ṣoṣo sì ni atúnfóònùṣe tú lọ́jọ́ náà.

Ó dáhùn pé òun ló tú u.

“Fóònù ta ni?” ni aránṣọ bi í.

Atúnfóònùṣe gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Adájọ́ láàárín èrò, Adájọ́ sì rí i pé ó ti mọ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tọ́ka sí i báyìí, òun ni gbogbo wọn máa yí sí. Ó dúró de ìka náà.

Atúnfóònùṣe dákẹ́.

Wọ́n ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀bi. Ẹnì kan gbé irin ilẹ̀kùn, ó là á mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Ìró yẹn ló lé wọn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú ara wọn. Adájọ́ nìkan ló kù.

“Kí ló dé tí o ò tọ́ka sí mi?”

“Mo fẹ́ tọ́ka,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì, ó gbá ọwọ́ náà mọ́ àyà. “Má rò pé mo dáa tó bẹ́ẹ̀. Inú mi ń sọ pé kí wọ́n fà ọ́ ya. Ṣùgbọ́n Jésù dúró níwájú àwọn tó ń pariwo mọ́ ọn, ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tọ́ka sí mi. Ó jẹ́ kí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi wá sórí òun. Báwo ni màá ṣe gba irú ìyẹn, kí n wá fi ọ́ lé wọn lọ́wọ́?”

Adájọ́ kúnlẹ̀ sórí gíláàsì tó fọ́.

“Èmi ni mo fi sí ṣájà,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Bó ti jáde, ìyókù tẹ̀ lé e. Ó sunkún ìyá rẹ̀, ó sunkún ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kó ṣàánú òun nítorí Jésù. Ọlọ́run sì gbọ́ igbe ọkùnrin yìí tí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni rí.

Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà ó kọ gbogbo rẹ̀ jáde ní orúkọ ara rẹ̀, ó ka orúkọ èké méjèèje síta. Wọ́n bú u bí ẹni láyin. Aránṣọ wá tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ọwọ́ atúnfóònùṣe jinná, ṣùgbọ́n kò lè di síkúrúù kéékèèké inú fóònù mú mọ́. Adájọ́ ló ń lọ bá a dì wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ọwọ́ Adájọ́ wúwo bí ọmọ odó.

Ìwọ ńkọ́? Ta lo ń na ìka sí lórí fóònù rẹ? Bóyá ẹni náà jẹ̀bi lóòótọ́; ìyẹn kò sọ ìwọ di mímọ́. Ọlọ́run ti gba ẹ̀san sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì ní kí o bá òun ṣe é.

Kristi mọ ohun tí o fi pamọ́. Lónìí, ó ṣì dákẹ́ nítorí rẹ, ó ń retí kí o fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jókòó ṣe ìdájọ́, tí yóò sì tọ́ka. Ronú pìwà dà báyìí, kí ìka náà tó gbéra.