Alága Dorí Kodò

"Ta ló gé aṣọ yìí?"

Màmá mi na aṣọ náà sókè. Iwájú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí i sẹ́yìn, àwòrán alága káńsù tuntun ti dorí kodò: fìlà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà lókè, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Búbà méjìdínlógún ló wà lórí tábìlì, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ọ̀la ni ìbúra wọlé. Aṣọ kò sì ṣẹ́kù.

Àwa méjì la kúnlẹ̀ níwájú Màmá ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Ígbògbò: èmi, Tẹniọlá, ọmọ wọn, àti Rọ̀kíbátù, ọmọṣẹ́ wọn tó wá láti Ìwó. Ẹgbẹ́ ni wá lọ́jọ́ orí. Èmi ń lọ sílé ìwé. Òun ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó dá dúró.

Èmi ni mo gé e.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n gé. Màmá ní àpótí kan tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ òṣèlú sí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá wọn l'Ẹ́pẹ́. Èyí tó pẹ́ jù jẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n tẹ àmì ẹgbẹ́ kékeré sí létí. Lẹ́yìn náà ló di àǹkárá alámì. Nígbà tó yá, ojú èèyàn yọ, ojú náà sì ń fẹ̀ sí i ní gbogbo ìdìbò, àfi bíi pé ìlérí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Inú àpótí yẹn ni Màmá ti kọ́ wa pé aṣọ olódòdó kò lórí, kò nídìí. Èèyàn lè ṣẹ́ ẹ po léjìká, kó gé iwájú mọ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ olójú kò gba bẹ́ẹ̀; ojú tó bá bọ́ sẹ́yìn á dorí kodò. Ọ̀tọ̀ là ń gé iwájú, ọ̀tọ̀ là ń gé ẹ̀yìn, ká tó rán wọn pọ̀ léjìká.

Èmi ni Màmá rán lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Ìpakòdò lọ́jọ́ tí a gé búbà náà. Rọ̀kíbátù ni wọ́n ní kó gé búbà. Òòrùn mú. Mo bẹ Rọ̀kíbátù pé ká pààrọ̀ iṣẹ́, ó sì gbà. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Lateefah, ọmọ kíláàsì mi, yọjú.

"Tẹni, àwọn olórin alága ti dé ibùdókọ̀ Benson o! Wọ́n ń pín fẹ́ẹ̀sìkáàpù. Ṣé ibí lo máa kú sí ni?"

Mo to aṣọ léra ní mẹ́fà-mẹ́fà, mo ṣẹ́ wọn po léjìká, mo ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti wà ní Benson, mò ń jó fún ọkùnrin tí n kò tíì dàgbà tó láti dìbò fún.

"Rọ̀kíbátù, ìwọ ni mo ní kó o gé e," ni Màmá wí.

"Màámi, èmi kọ́ o. Tẹniọlá ni. A pààrọ̀ iṣẹ́ ni."

Màmá yíjú sí mi.

"Ṣebí Ìpakòdò lẹ rán mi lọ," ni mo fèsì.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbólóhùn yẹn. Mo sì fi pa irọ́ tó burú jù láyé mi.

Ibi tá a wà nìyẹn tí Àlájà Mùsílímátù, olórí àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù wa, tó kó aṣọ náà wá, fi wọlé.

"Haà! Ẹ dorí alága wa kodò? Èpè nìyí! Ẹgbẹ́ alátakò ló rán yín! Bí ẹni tó gé e kò bá kúrò níbí lónìí, ẹsẹ̀ obìnrin wọ́ọ̀dù yìí kan ò ní í yà síbí mọ́."

Màmá ní kí Rọ̀kíbátù máa lọ, ojú mi ló sì ṣe di ẹrù rẹ̀. 

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Àlájà tún gbé aṣọ wá. Ojú ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Àlájà ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì. Màmá rọra mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ búbà ọjọ́sí.

Àlájà bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yẹn lẹ ṣì ń rántí? Ẹ fi sílẹ̀ jàre."

Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbé mì. Bí wọ́n ti jáde, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá kò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n fa ìbòrí wọn, a lọ sílé tí Rọ̀kíbátù ń gbé pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀. Onílé ní wọ́n ti kó lọ, òun ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Ó ní abọ́ ni ọmọ náà ń fọ nílé oúnjẹ kan kí wọ́n tó lọ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Aṣọ tó bàjẹ́, mo ti fi nu epo ara ẹ̀rọ," ni Màmá wí bí a ti ń padà bọ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ tí a bà jẹ́ ńkọ́?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.