Ẹ Kà Dé Mẹ́wàá Ná

Ìfófòó ọṣẹ ló kún irun Yuzhen lọ́jọ́ tí Zonghan kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ láàárín yàrá, ó ń fẹ́ ìfófòó náà sókè bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù kejì Yuzhen rèé nídìí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu wọn, nílùú Tainan. Ruoan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Zonghan tí Zonghan mú wá kẹ́kọ̀ọ́, ti pé ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí.

Ruoan nawọ́ sí ìgò ọṣẹ. Kíá, Zonghan gbé e fún un.

Yuzhen ní, "Ẹ gbà á padà. Bẹ́ ẹ bá ń fún un kó tó bèèrè, kí ló fẹ́ fẹnu ṣe? Ẹ kà dé mẹ́wàá nínú yín ná."

"Tíṣà, èmi tí mi ò lè dúró kómi hó?"

"Ó hàn lójú yín."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, Zonghan tó ń ta tófù onísúgà, ìyẹn wàrà sóyà dídì, kì í wá lọ́wọ́ òfo. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà fi ń gùn ju ẹ̀kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n inú ìyá Zonghan kò dùn. "Ọmọ ń nawọ́ sóúnjẹ, ẹ ń ka oókan, eéjì! Ṣé ọmọ àná yẹn ló fẹ́ kọ́ mi lọ́mọ títọ́? Ruoan ò lọ mọ́. Ìwọ náà, bí ọmọ yìí ò bá sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ mú tíṣà yẹn wọlé mi níyàwó!"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Zonghan kò jiyàn. Bí Ruoan bá ti nawọ́ sí nǹkan, á kà dé mẹ́wàá nínú ikùn rẹ̀, nídìí oúnjẹ, nídìí bàtà, lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ́dún dé, ọjọ́ jíjẹ ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n rọ róbótó, funfun àti pupa, nínú omi atalẹ̀. Funfun nìkan ni ìyá Zonghan, tó jẹ́ ìyá àgbà Ruoan, bù fún ọmọ náà. Ọmọ nàka sí pupa. Ìyá àgbà fẹ́ bù ú. Zonghan di ṣíbí mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Mẹ́wàá péré."

Ní méje, omi lé sójú ìyá àgbà. Ní mẹ́sàn-án, Ruoan lanu.

"Pupa."

Ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà gbá ọmọ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Zonghan, kí lò ń wò? Lọ pe tíṣà kí oúnjẹ tó tutù!"

Yuzhen gun alùpùpù rẹ̀ dé, kò tíì ṣí akoto lórí. Zonghan kò jẹ́ kó wọlé.

"Yuzhen, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Yuzhen bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn akoto rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Zonghan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, ó rántí, ó panu mọ́. Oókan. Eéjì. Nígbà tó fi dé méje, òógùn ti bò ó nínú òtútù.

Ní mẹ́wàá, Yuzhen bú sẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́ mi, mo ti gbà látorí eéjì. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá wàá lè dúró ni."

"Ẹ wọlé, ìyàwó wa!" ni ìyá àgbà ń ké láti inú ilé.

Ruoan ti dúró tì wọ́n. Ó na ṣíbí rẹ̀ sí Yuzhen, ẹyọ pupa kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.