Ilé Fọ́tò Abógúnrìn

Owó ya wọlé fún Àyàndélé bí omi òjò. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tó ra ilé fọ́tò Bọ̀dá Abógúnrìn ní Òkè-Ogbó lọ́dún 1994, èrò ti tò dé títì. Ìgbéyàwó òun àti Àmọ̀kẹ́, arẹwà tó ń jí oorun lójú rẹ̀, ku oṣù méjì.

Àmọ̀kẹ́ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

“Olólùfẹ́, ta ló ń ta ìsọ̀ tó ń pa owó báyìí? Ṣé o tiẹ̀ bi í?”

Àyàndélé rẹ́rìn-ín. Ó ti yẹ kámẹ́rà wò, ó ti rí onílé. Ṣùgbọ́n kò béèrè ìdí tí wọ́n fi tà á. Kò bi aládùúgbò kankan léèrè ibi tí ìyàwó Abógúnrìn, tí wọn ò rí mọ́, wọlé sí. Lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, Abógúnrìn gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ń súre wéréwéré: “Ohun tó wà níbẹ̀ á mọ̀ ọ́ bó ṣe mọ̀ mí. Ohun tí mo fún un, ìwọ náà á fún un.”

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ti ń ṣe àmín kó tó gbọ́ àdúrà tán. “Àmín, ẹ̀gbọ́n. Àmín.”

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹsàn-án, ó wọ yàrá òkùnkùn láti fọ fọ́tò. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Gílóòbù pupa ń ṣẹ́jú. Ó ki ọwọ́ òsì bọ inú omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò.

Nǹkan kan dì í mú nínú omi náà.

“Káàbọ̀, olówó tuntun.”

Bàbá arúgbó kan lóṣòó sí kọ̀rọ̀, igbá ẹ̀jẹ̀ dídì wà níwájú rẹ̀.

“Èmi Èṣùbíyì ni mo ṣe ojúbọ yìí fún Abógúnrìn. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ṣí i. Nígbà tí ọdún méje pé, tó tún kan ọmọ rẹ̀, ló bá tà á fún ẹ. Ìwọ náà sì ṣe àmín, lẹ́ẹ̀mejì!” Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ ṣàánú mi! Kí lẹ fẹ́?”

“Ọmọge rẹ ń gbé oúnjẹ bọ̀. Pè é wọlé. Tó bá ti dáhùn, ó parí. Tó o bá kọ̀, ìwọ ni omi á fọ̀ dànù.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀: “Omi dúdú, fá ojú rẹ̀. Omi dúdú, fá orúkọ rẹ̀...”

Ẹran ìka Àyàndélé ń yòrò. Ó fà á, kò já.

Kọ́, kọ́, kọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Délé mi, ẹ̀bà dé o! Má jẹ́ kó tutù!”

“Pè é!” Èṣùbíyì sọ ọ́ ṣììì bí ejò.

Nínú òkùnkùn yẹn, ojú Àmọ̀kẹ́ nìkan ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Ó la ẹnu. “Má wọlé! Má dá mi lóhùn! Sá lọ!”

Ẹsẹ̀ sáré kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ara tù ú, ọkàn rẹ̀ sì fọ́. Omi náà gùn ún dé ọrùn ọwọ́.

Gbàà! Òkúta la fèrèsé tí wọ́n kùn ní dúdú. Oòrùn ya wọlé. Èṣùbíyì fọwọ́ bojú, ó ti pẹ́ jù: awọ ara rẹ̀ dú bíi pépà fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ bà, ó ká, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Omi tú ọwọ́ Àyàndélé sílẹ̀. Àmọ̀kẹ́ nawọ́ wọlé láàárín dígí tó ń gé e lára, ó fà á jáde.

“Ṣebí mo ní kó o sá lọ!”

“Sá lọ síbo? Ta ni mo ní?”

Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Àmọ̀kẹ́ fi òrùka bọ ìka ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà funfun bí ẹfun, kò ní ìlà kankan. Àmọ̀kẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó fún un pinpin, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Àyàndélé ní láti wo ọwọ́ náà kó tó mọ̀ pé ó dì í mú.